Àtọ̀gbẹ: Nígbà tí Kọ́kọ́rọ́ Bá Sọnù

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Abẹ́òkúta)

Mo rí àwọn kan níwájú mi tí wọ́n ti iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà, tí ojú wọn pọ́n. Bí ẹ bá tòògbé, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ bàtà, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jọ̀ọ́ jí yín.

Akọ̀wé yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ̀ ṣúgà. Ó ní kí n má sọ èdè òyìnbó, kí n má sì dẹ́rù ba ènìyàn. Èkíní kò ṣòro. Èkejì ni mo máa gbìyànjú.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn yìí ti sọ bí ó ti rí. Àtọ̀gbẹ: kí ènìyàn máa tọ̀, kí ó sì máa gbẹ. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn èèrà tó ń ṣù bo ibi tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí. Ojú àwọn àgbà ríran. Ṣùgbọ́n inú ara ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà, ojú kò sì dé ibẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tó ń jẹun yó yóò fi máa rù? Kí ló dé tí oúnjẹ yóò fi gba inú ara kọjá lọ sí ilẹ̀, tí ara kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá pàdé lọ́nà ni yóò máa tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fojú inú wo Láfẹ́ńwá ní ọjọ́ ọjà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó gààrí, wọ́n kó láfún, wọ́n kó ìrẹsì Ọ̀fadà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ ló wà ní títì pa, nítorí pé ọmọ tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò wá. Ẹrù kò rí ibi wọ̀. Ọkọ̀ mìíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà dí, ẹrù ń dà sílẹ̀, ó ń bàjẹ́ sínú kòtò. Nínú ìsọ̀ tó wà ní títì yẹn gan-an, ebi ń pa àwọn ọmọ. Oúnjẹ kún ojú ọ̀nà, ebi wà nínú ilé. Àtọ̀gbẹ nìyẹn.

Gbogbo oúnjẹ tó ń fún ara lágbára, ìbáà ṣe láfún, ẹ̀bà, fùfú, iṣu, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, inú ìfun ni ara ti ń fọ́ ọ túútúú títí yóò fi di irú ṣúgà kan tí à ń pè ní glúkóòsì. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé láfún kò dùn. Kò dùn lẹ́nu, òótọ́ ni; inú ni ó ti ń dùn. Ṣúgà yìí kì í sì í ṣe ọ̀tá. Epo ọkọ̀ ni. Òun ni apá fi ń gbé ẹrù, òun ni ọpọlọ fi ń ronú. Ọpọlọ nìkan ń jó nǹkan bíi gíráàmù 120 rẹ̀ lójúmọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà rìn. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà Láfẹ́ńwá tí mo wí. Àwọn ìsọ̀ ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí a fi mọ ara wa, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni ínsúlíìnì.

Níbo ni ínsúlíìnì ti ń wá? Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó nà gbọọrọ, tí gígùn rẹ̀ kò ju ọwọ́ lọ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Páńkíríásì ni orúkọ rẹ̀. Ní 1869, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Jámánì, Paul Langerhans, wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó rí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó dá dúró káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù inú omi, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní 1889, àwọn dókítà méjì, Minkowski àti von Mering, yọ páńkíríásì ajá kan kúrò. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdúró, ṣúgà sì kún inú ìtọ̀ rẹ̀. Bí ayé ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti ń wá nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi lítà márùn-ún. Kí a tó jẹun láàárọ̀, gbogbo ṣúgà tó wà nínú lítà márùn-ún yìí kò ju nǹkan bíi ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ṣíbí tíì kan péré. Ó dára. Ẹ wá mú mínírà ìgò 50cl kan. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣúgà ibẹ̀ ń sún mọ́ gíráàmù 50, èyí tó tó ṣíbí tíì méjìlá. Ẹ kà á lára ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Bí ṣúgà méjìlá bá rọ́ wọ ọ̀nà tí ọ̀kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀, kí ló ń gbà wá? Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn erékùṣù inú páńkíríásì yóò ti gbọ́ òórùn ṣúgà tó ń bọ̀, wọn yóò tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì yóò máa kan ilẹ̀kùn ẹran ara àti ti ọ̀rá, yóò máa ṣí i, ṣúgà yóò máa wọlé. Yóò tún dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀, tí í ṣe ilé ìkẹ́rùsí wa, yóò wí fún un pé: gbà á pa mọ́, má tà. Láàrin wákàtí méjì sí mẹ́ta, ọ̀nà yóò ti já gaara.

Ní òru ńkọ́, nígbà tí ẹnu ti dákẹ́? Ara kò dákẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ tí a kò pa iná rẹ̀, bó tilẹ̀ dúró sójú kan, epo ló ń jó. Nítorí náà ínsúlíìnì yóò dín kù, ìránṣẹ́ mìíràn láti inú erékùṣù kan náà, tó ń jẹ́ glúkágọ́ọ̀nù, yóò lọ wí fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó kó díẹ̀ jáde. Ọ̀kan ń wí pé kó o wọlé, èkejì ń wí pé kó o jáde, àwọn méjèèjì kì í sì í bá ara wọn jà. Ìdí nìyí tí mítà fi ń kọ nǹkan láàrin 70 sí 100 láàárọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bó bá kọ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó jẹun, tí a tún un wò lọ́jọ́ mìíràn tó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàrin 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi ń bàjẹ́. Ọ̀nà kìíní wọ́pọ̀ láàrin ọmọdé àti ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ ogun tí ara ní fún bíbá àrùn jà a ṣìnà, wọ́n a kọjú ìjà sí àwọn erékùṣù yẹn, wọ́n a pa wọ́n run. Kọ́kọ́rọ́ tán pátápátá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè wà láàyè láìgba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì lójoojúmọ́, kò sí ewé, kò sí gbòǹgbò, kò sí omi àdúrà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni tiwa tí a ti dàgbà, òun ló sì pọ̀ jù lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà, àgádágodo ni ó dípẹtà. Ọ̀rá tó kó jọ sí ikùn wà lára ohun tó ń mú un dípẹtà, ìjókòó àjókòópẹ́ wà níbẹ̀, àjogúnbá náà wà níbẹ̀. Páńkíríásì yóò máa rọ kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ sí i kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá tí onítọ̀hún kò ní mọ nǹkan kan. Ní ìgbẹ̀yìn, yóò rẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ yóò wá hàn. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180, kíndìnrín kò lè dá a dúró mọ́, yóò máa dà á sínú ìtọ̀. Ṣúgà kì í dá lọ. Ó ń fa omi lọ́wọ́ lọ ni. Onítọ̀hún yóò máa tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ yóò ṣe bàìbàì. Awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó láti Kútọ̀ tẹ́lẹ̀ láìdúró, yóò wá máa wá ibi tí yóò dúró sí kí ó tó dé Ṣágámù, yóò sì ra mínírà tútù sí i láti fi pa òùngbẹ. Ẹ rí i bí ó ṣe ń da epo sí iná. Nínú ilé, ara tí kò rí ṣúgà lò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá àti ẹran ara fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni rírù. Bí ínsúlíìnì bá tán pátápátá, ọ̀rá tó ń jó yẹn yóò sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Èémí onítọ̀hún yóò máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, yóò máa bì, yóò sì dákú. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú bí ibà. Mo ti rí èyí tí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é.

Àwọn tí kò dákú ńkọ́? Ṣúgà tó pọ̀ lójú ọ̀nà ń ba ọ̀nà fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ojú jẹ́, ó ń ba ti kíndìnrín jẹ́, ó ń pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ó ń gba agbára ọkùnrin náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti jí báyìí.

Ọ̀rọ̀ bàtà wá dé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, mẹkáníìkì ni ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi lo oògùn oníhóró, ó ń lo metformin, wọ́n fi Daonil kún un. Lẹ́yìn náà dókítà wí fún un pé oògùn oníhóró kò tó mọ́, páńkíríásì rẹ̀ ti rẹ̀, ínsúlíìnì ni yóò máa gba báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ó bá wá kí mi, mà á bi í léèrè pé, "Ṣé o ń gún abẹ́rẹ́ rẹ?" Yóò ní, "Mo ń gún un, Ẹ̀gbọ́n mi." Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti wọ aṣọ funfun fún ọgbọ̀n ọdún, n kò wo inú ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kan ìṣó kan gba ìsàlẹ̀ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó fi ìṣó náà rìn láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ìmọ̀lára ti kú nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ó bọ́ bàtà ni ó rí ẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ náà kò jinná. Ṣúgà rẹ̀ gòkè, ẹsẹ̀ dúdú, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹta ni ó kú. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, a rí ínsúlíìnì ìgò mẹ́rin nínú ìkòkò amọ̀ tí ìyá wa fi í lẹ̀. Kò sí èyí tí a ṣí nínú wọn.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ibi iṣẹ́ ló jẹ́wọ́ fún mi níbi òkú. Ó ní òun ni òun wí fún un pé abẹ́rẹ́ yẹn ni í pa ènìyàn, pé òun mọ ẹni méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí wọn kò pé ọdún. N kò bá a jà. Ó fẹ́ràn àbúrò mi. Ó rí ẹni méjì tó kú lóòótọ́. Ohun tí kò rí ni pé ẹsẹ̀ àwọn ẹni méjì yẹn ti ń jẹrà kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá pe panápaná nígbà tí òrùlé ti wó, a kò lè wí pé panápaná ló jó ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin àbúrò mi, ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "abẹ́rẹ́ ló ń pani" nínú ọkọ̀ tàbí nídìí ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá láìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà ṣe nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Ṣáájú 1922, ọmọ tí àtọ̀gbẹ bá mú, ebi ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀. Wọn yóò dín oúnjẹ rẹ̀ kù títí yóò fi di egungun lásán, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní 1921, ní ìlú Toronto ní Kánádà, dókítà kan tó ń jẹ́ Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ yìí nínú páńkíríásì ajá, ní ilé ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod. James Collip ni ó wá mọ bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ní àkọ́kọ́. Kò ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n gún un ní èyí tí Collip ti fọ̀ mọ́, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọmọ tó ti fẹ́ kú náà gbé ọdún mẹ́tàlá sí i. Ní 1923, Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí ohun tí wọ́n ṣe fún yunifásítì Toronto, dọ́là kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà. Dọ́là kan! Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó lé e kí ó máa fi rẹ́ aráyé jẹ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó yé jù.

Nítorí pé kí ni a ń rà á lónìí? Láti 1977, tí àjọ ìlera àgbáyé ti kọ́kọ́ tẹ ìwé orúkọ oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ṣe aláìní, ínsúlíìnì ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń lò ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, oògùn òkè òkun fò sókè, owó oṣù kò sì fò tẹ̀ lé e. Mo mọ àwọn tó ń fi ìgò kan tó yẹ kí ó tó wọn fún oṣù kan lo oṣù méjì. Wọn kò purọ́ fún dókítà nítorí òmùgọ̀. Ojú ń tì wọ́n láti wí pé owó kò sí.

Àwọn kan bi mí léèrè nílẹ̀kùn bí mo ṣe ń wọlé pé ṣé òótọ́ ni pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un, nítorí ẹ̀sìn wọn. Láyé àtijọ́, láti ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Láti 1982 ni wọ́n ti ń ta èyí tí wọ́n ń lo bakitéríà láti ṣe, tó bá ti ara ènìyàn mu gẹ́lẹ́. Kí Mùsùlùmí tó ń lò ó jọ̀ọ́ lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀.

Ní ti ibi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ má wí pé nítorí pé iná kò sí ni ẹ kò ṣe lè lò ó. Ìgò tí a ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ bá tutù. Ẹ fi sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, kí ẹ gbé ìkòkò náà sínú èyí tó tóbi jù ú lọ, kí ẹ da iyanrìn tútù sáàrin, kí ẹ máa bu omi sí iyanrìn náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí òòrùn kò dé. Iwájú ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì, ni ibi tó burú jù. Oòrùn ibẹ̀ yóò pa á láàrin ọjọ́ kan, ẹ ó sì máa gún omi lásán. Inú yìnyín náà kò dára.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba ínsúlíìnì tàbí tó ń lo Daonil, tiyín ni èyí. Ṣúgà tó wálẹ̀ jù yára pani ju èyí tó gòkè lọ. Bí ẹ bá gún abẹ́rẹ́ tí ẹ kò jẹun nítorí pé èrò ti kún ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ yóò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ìsọ̀ yóò gba gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà, ọpọlọ kò sì ní rí epo. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 70, òógùn yóò bò yín, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò dé lójijì, ọ̀rọ̀ yóò máa wọ́ lẹ́nu bí ẹni tó mu ọtí. Àwọn èrò yóò wí pé dírẹ́fà ti yó. Ẹ dúró. Ẹ pa iná ọkọ̀. Ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, tàbí bí ìdajì ìgò mínírà kékeré, èyí tí mo ti ń bú láti àárọ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí kò bá lọ, ẹ tún un mu. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá jẹun gidi. Ẹ̀yin kọ̀ndọ́, ẹ mọ èyí. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má ṣe da nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Láti orí oúnjẹ, n kò ní pẹ́. Ẹni tó bá wí fún Ẹ̀gbá pé kó má jẹ láfún mọ́, ó kúkú ní kó kó kúrò nílùú. Ẹ jẹ ẹ́, kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú àwo. Ewúro dára ní ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kíkorò rẹ̀ kì í lé dídùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ a máa ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà láìdúró de kọ́kọ́rọ́. Alábàárù mọ èyí lára láìkà á níwèé. Awakọ̀ tó jókòó fún wákàtí mẹ́wàá ni kò ní in. Níbi tí ẹ bá ti dúró gbé èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn yí ọkọ̀ po dáadáa.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 wo àwọn ènìyàn dúdú ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Karibíànì, ní Amẹ́ríkà àti ní Bìrìtìkó. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ẹni 2 ní àtọ̀gbẹ ní Nàìjíríà, ẹni 9 ní Karibíànì, ẹni 11 ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Àwọn ìbátan kan náà. Ìgbésí ayé ló yàtọ̀. Ní 1997 yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akinkugbe ṣe alága rẹ̀ rí 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tó di 2018, àwọn dókítà wa kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ pọ̀, ó ti sún mọ́ ẹni 6. Àwa náà ti ń bá wọn dọ́gba bọ̀. Àjogúnbá tún wà nínú rẹ̀: ní 2019, àwọn onímọ̀ tí Charles Rotimi wà láàrin wọn wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ju 5,000 lọ láti Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà, Ìbàdàn àti Èkó wà lára ibi tí wọ́n ti gbà á, wọ́n sì rí àbùdá kan, ZRANB3, tó kan àwọn erékùṣù tó ń ṣe ínsúlíìnì. Nítorí náà, ẹni tí baba tàbí ìyá rẹ̀ ní in kò gbọdọ̀ dúró de èèrà kó tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Alága, ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kó wọ inú ìwé ìpàdé. Àbúrò mi fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí pé ó rò pé wọn yóò lé òun. Ẹ̀rù yẹn wà nínú yàrá yìí lónìí, mo mọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, ẹ béèrè pé kí a má lé ẹnikẹ́ni nítorí àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n gbé ẹni tó ń gba ínsúlíìnì kúrò ní iṣẹ́ òru bó bá béèrè. Kí àsìkò oúnjẹ jẹ́ àsìkò oúnjẹ lóòótọ́. Kí wọ́n máa yẹ ṣúgà gbogbo òṣìṣẹ́ wò lọ́dọọdún. Òfin ìlera tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Kí akọ̀wé wádìí bóyá a ti forúkọ yín sílẹ̀, kí ó sì béèrè ní kedere bóyá ínsúlíìnì àti bébà mítà wà nínú ohun tí wọ́n ń san. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Kí gbogbo yín bọ́ bàtà iṣẹ́ yín lálẹ́ òní, kí ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ wò ó, kí ìyàwó tàbí ọmọ wò ó fún yín. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́.

Mo gbé mítà méjì wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ ni kó kọ́kọ́ bọ́ síwájú, nítorí tirẹ̀ ni yóò ṣe gẹ́lẹ́. Ẹni tó ti jẹun náà kó wá. Bí ó bá kọ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà á kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, tàbí Ìdí-Àbá, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, èyí tó bá sún mọ́ ilé rẹ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ewékorò wá, ẹ kọ́kọ́ tò, ọkọ̀ yín yóò lọ ní aago méjì.